Lásárù Ẹnu Ọ̀nà

Bí Yorùbá bá fẹ́ dárúkọ ìjọ Kátólíìkì, “Ìjọ Àgùdà” ni wọ́n ń wí. Orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ lásán. Àwọn Àgùdà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, tí àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì padà wá sí Èkó àti àwọn ìlú etí òkun mìíràn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ti ń gbàdúrà ní ìlànà ìjọ náà ní Èkó kí àwọn àlùfáà Faransé tó wá bá wọn ní àwọn ọdún 1860. Ẹrú ni wọ́n nígbà tí wọ́n jáde nílé, ṣùgbọ́n wọn kò padà wálé lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ, orúkọ ìdílé, àti àjọ̀dún àwọn ẹni mímọ́ wà lára ohun tí wọ́n kó bọ̀.

Ẹni mímọ́, ní ìlànà Ìjọ Àgùdà, ni òkú tí ìjọ jẹ́rìí sí pé ó ti wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, tí alààyè sì lè bẹ̀ pé kí ó bá òun gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Róòmù nìkan ni a ti ń ṣe ẹni mímọ́, pé bí Póòpù bá ti fọwọ́ sí ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn ẹni mímọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé àìní àwọn ènìyàn ni ó gbé wọn ga, tí ìwé sì wá ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Lásárù jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ilé ìwòsàn, ó kan iṣẹ́ ọnà, ó kan ogun, ó sì kan àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó ré kọjá òkun. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó kan ìbéèrè kan tí kò tí ì tán nílẹ̀ ní ìlú kankan: níbo ni kí a fi ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń ba ará ìlú lẹ́rù sí?

Lásárù Méjì Inú Bíbélì

Ẹni tí ó bá ka Bíbélì dáadáa yóò rí i pé Lásárù méjì ni ó wà nínú rẹ̀, wọn kò sì jọ ara wọn rárá.

Lásárù kìíní wà nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí kẹrìndínlógún. Alágbe ni. Ẹnu ọ̀nà ilé ọlọ́rọ̀ kan ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Egbò bo gbogbo ara rẹ̀, àwọn ajá sì ń wá lá egbò náà. Nígbà tí ó kú, àwọn áńgẹ́lì gbé e lọ sí oókan àyà Ábúráhámù. Ọlọ́rọ̀ náà kú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n inú iná ni ó bá ara rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán Lásárù padà sí ayé láti lọ kìlọ̀ fún àwọn arákùnrin òun; a kò gbà fún un. Òwe ni ìtàn yìí. Jésù ni ó pa á. Ohun ìyanu kan sì wà nínú rẹ̀: nínú gbogbo òwe tí Jésù pa, kò sí òtòṣì tàbí ọlọ́rọ̀ mìíràn tí ó fún ní orúkọ. Ọlọ́rọ̀ yìí pàápàá kò ní orúkọ. Alágbe ni ó ní in. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Hébérù ni pé Ọlọ́run ti ràn án lọ́wọ́. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin yìí wà láyé, àwọn ajá nìkan ni ó sún mọ́ ọn.

Lásárù kejì wà nínú Ìhìn Rere Jòhánù, orí kọkànlá. Ará Bẹ́tánì ni, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Màtá àti Màríà. Òun kì í ṣe alágbe; ó ní ilé, ó ní ẹbí, ó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Jésù. A kò gbọ́ pé egbò kan wà lára rẹ̀. Ó ṣàìsàn, ó kú, ó lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì, Jésù sì pè é jáde. Títí di òní, orúkọ tí àwọn Árábù ń pe abúlé Bẹ́tánì, Al-Eizariya, ti ara orúkọ Lásárù yìí jáde.

Nítorí náà, ẹnì kan bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán Lásárù kìíní padà sí ayé, a sì kọ̀. Lásárù kejì ni ó padà. Ọ̀kan jẹ́ ẹni inú òwe, èkejì jẹ́ ẹni tí ìwé sọ pé ó gbé ilé ayé. Kò sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀ bí kò ṣe orúkọ. Síbẹ̀, orúkọ náà tó.

Bí Méjì Ṣe Di Ọ̀kan

Lẹ́yìn ìgbà àwọn àpọ́sítélì, ìlú púpọ̀ ni ó fẹ́ ní ìpín nínú Lásárù ará Bẹ́tánì. Àwọn ará erékùṣù Kípírù ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ó sá wá, pé òun ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Kítíónì, ìlú tí à ń pè ní Lánákà nísinsìnyí. Ní 890 ni wọ́n ní àwọn rí ibojì rẹ̀ níbẹ̀. Ọba Leo Kẹfà ní Kọnsitantínópù kó egungun náà lọ sí olú ìlú rẹ̀, ó sì kọ́ ilé ìjọsìn ńlá tí ó ṣì wà ní Lánákà di òní. Àwọn ará gúúsù Faransé náà ní tiwọn. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé Lásárù àti àwọn arábìnrin rẹ̀ dé etíkun àwọn, pé bíṣọ́ọ̀bù ni ó jẹ́ ní Marseille. Láti inú ìtàn yìí ni ìlú Autun ti rí ìgboyà láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kàtídírà Lásárù Mímọ́ ní nǹkan bí 1120.

Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn kò wá Lásárù nítorí pé ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọ̀rúndún kejìlá yẹn, àrùn ẹ̀tẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Adẹ́tẹ̀ tí a lé jáde nílé, tí ó ń ṣagbe lẹ́bàá ọ̀nà, mọ ara rẹ̀ nínú ọkùnrin elégbò tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀. Bí ó bá sì gbọ́ pé Lásárù kan wà tí ibojì kò lè dá dúró, kí ni ìbá mú kí ó máa yà wọ́n sọ́tọ̀? Ti àkọ́kọ́ jọ òun nínú ìyà. Ti èkejì fún òun ní ìrètí. Báyìí ni egbò Lásárù kìíní ṣe bọ́ sí ara Lásárù kejì, tí àjíǹde Lásárù kejì sì di ti ẹni kìíní. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ mọ ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ara ń ro kò bìkítà fún un. Kí Yorùbá kan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kúbà rárá ni ìdàpọ̀ yìí ti parí. Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn, a ó sì padà sí i.

Lẹ́yìn Odi Ìlú

Ohun tí ìdàpọ̀ náà bí kì í ṣe ìtàn ẹnu lásán. Ó bí ilé.

Ní ìgbà Ogun Àgbélébùú, ilé àwọn adẹ́tẹ̀ kan wà lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù tí a fi Lásárù Mímọ́ sọ. Láti inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan ti jáde ní ọ̀rúndún kejìlá, Ẹgbẹ́ Lásárù Mímọ́. Jagunjagun ẹlẹ́ṣin tí ẹ̀tẹ̀ bá mú, inú ẹgbẹ́ yìí ni ó ń lọ. Àìsàn náà kò mọ olówó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọba: Baldwin Kẹrin, tí ó jọba ní Jerúsálẹ́mù láti 1174 títí di 1185, adẹ́tẹ̀ ni. Àwọn adẹ́tẹ̀ ẹgbẹ́ yìí ń gbàdúrà, wọ́n sì ń jagun pẹ̀lú. Ní ogun La Forbie ní 1244, gbogbo àwọn tí wọ́n lọ lára wọn ni ó ṣòfò. Ẹgbẹ́ náà ní ilé káàkiri Yúróòpù. Olórí ilé wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní abúlé kan ní Leicestershire tí ó ń jẹ́ Burton Lazars títí di òní.

Ní Paris, ilé adẹ́tẹ̀ Lásárù Mímọ́ wà lẹ́yìn odi ìlú, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Saint-Denis. Nígbà tí ẹ̀tẹ̀ dín kù, a fi ilé náà lé àlùfáà Vincent de Paul lọ́wọ́ ní 1632. Ọkùnrin yìí ti dá ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà kan sílẹ̀ ní 1625 láti máa wàásù fún àwọn tálákà ìgbèríko. Nítorí ilé tí wọ́n ń gbé, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àlùfáà náà ní “Ará Ilé Lásárù”. Òun àti Louise de Marillac tún dá ẹgbẹ́ àwọn sístà kan sílẹ̀ ní 1633 láti máa tọ́jú òtòṣì àti aláìsàn. Kí a fi ẹgbẹ́ àwọn sístà yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá wọn pàdé níwájú. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ 1789 ní Faransé, ìjọba sọ ilé Lásárù di ẹ̀wọ̀n. Àdúgbò náà fún ìdíkọ̀ rélùwéè ńlá kan ní orúkọ, Saint-Lazare, èyí tí ayàwòrán Claude Monet yà léraléra ní 1877. Ọ̀pọ̀ èrò tí ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ ní òwúrọ̀ kò rántí pé orúkọ alágbe elégbò ni ó wà lẹ́nu wọn.

Bí ó ti rí nínú orúkọ ìlú ni ó rí nínú èdè. Ní 1423, ìjọba Venice yan erékùṣù kékeré kan fún àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn bá mú, kí wọ́n má baà wọ ìlú. Ilé ìjọsìn kan tí a fi Màríà ti Násárẹ́tì sọ wà níbẹ̀. Orúkọ Násárẹ́tì àti orúkọ Lásárù wọnú ara wọn lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì di “lazzaretto”, ọ̀rọ̀ tí èdè púpọ̀ ní Yúróòpù ń lò fún ibi tí a ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pe adẹ́tẹ̀ ní “lazar”. Orúkọ ẹni mímọ́ ti di orúkọ àìsàn, ó sì tún ti di orúkọ ilé.

Bí a bá to àwọn ilé wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, a ó rí ohun kan tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn odi ni ti Jerúsálẹ́mù, lẹ́yìn odi ni ti Paris, àárín omi ni ti Venice. Inú àánú ni a fi kọ́ wọn, inú ìbẹ̀rù ni a sì fi yan ibi tí wọ́n wà. Lásárù kò tí ì wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni ó ṣì wà.

Ọwọ́ Àwọn Oníṣọ̀nà

Àwọn oníṣọ̀nà ti ń ṣiṣẹ́ lórí Lásárù tipẹ́tipẹ́. Láti ọ̀rúndún kẹta ni àwọn Kristẹni ti ń ya àwòrán àjíǹde rẹ̀ sára ògiri ibi ìsìnkú abẹ́ ilẹ̀ ní Róòmù: òkú tí a fi aṣọ wé dúró lẹ́nu ibojì, Jésù sì na ọ̀pá sí i. Ní Padua, ní nǹkan bí 1305, Giotto ya ìran náà sára ògiri ilé ìjọsìn Scrovegni. Giotto kò fi òórùn òkú pamọ́. Àwọn tí wọ́n dúró ti Lásárù fi aṣọ bo imú.

Ní kàtídírà Autun, agbẹ́kùúta tí ó ń jẹ́ Gislebertus gbẹ́ Ìdájọ́ Ìkẹyìn sí òkè ẹnu ọ̀nà ńlá, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ Kristi. Láàárín àwọn òkú tí ń dìde, ó gbẹ́ arìnrìn-àjò mímọ́ méjì tí wọ́n gbé àpò kọ́ èjìká, kí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó wọlé. Ní 1766, àwọn àlùfáà ibẹ̀ rò pé iṣẹ́ náà kò bá ìgbà mu mọ́, wọ́n sì rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní 1837 ni a tó tún ṣí i síta. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi bò ó ni ó gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ń fọ́ ère nígbà ìdìtẹ̀ 1789.

Ní 1609, Caravaggio, ẹni tí ń sá kiri nítorí ó ti pa ènìyàn, dé ìlú Messina. Oníṣòwò kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ de' Lazzari ni ó gbé iṣẹ́ fún un, fún ilé ìjọsìn ẹgbẹ́ tí Camillus de Lellis dá sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn aláìsàn. Camillus fúnra rẹ̀ ní egbò lẹ́sẹ̀ tí kò jinná títí ó fi kú. Lásárù tí Caravaggio yà na apá méjèèjì bí ẹni tí a kàn mọ́ àgbélébùú. Ọwọ́ kan na sí ìmọ́lẹ̀, ìyókù ara rẹ̀ ṣì gan bí òkú. Ní 1890, Vincent van Gogh, tí ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀ ní Saint-Rémy, wo àwòrán tí Rembrandt ti ṣe lórí ìran kan náà, ó sì ya tirẹ̀. Lásárù tí ó yà ní irùngbọ̀n pupa bí ti ayàwòrán náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú kàtídírà nìkan ni Lásárù wà. Ère kékeré àti àwòrán orí bébà tí àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé sílé pọ̀ ju iṣẹ́ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí lọ fíìfíì. Nínú ti mẹ̀kúnnù, arúgbó ni Lásárù. Ó fi ọ̀pá abẹ́ abíyá tilẹ̀, egbò bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ajá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń tẹ̀lé e. Èyí ni Lásárù tí àwọn ará Sípéènì gbé ré kọjá òkun.

Lásárù àti Olóde

Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, ilé adẹ́tẹ̀ Lásárù Mímọ́ ti dúró sí ẹ̀yìn odi Havana, lẹ́bàá òkun. Òpópónà San Lázaro ṣì ń jẹ́ orúkọ náà ní ìlú yẹn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́ tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ àwọn tí a kó lẹ́rú ni wọ́n gbé lọ sí Kúbà. Lùkùmí ni a ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n bá àwọn tí a ń pè ní Arará níbẹ̀, àwọn tí a kó láti Àlàdá àti àgbègbè Dàhòmì.

Àwọn tí a kó lọ yìí mọ òrìṣà kan tí a kì í fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Ṣànpọ̀nná ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ọbalúayé ni wọ́n ń wí, tàbí kí wọ́n pè é ní Olóde, ẹni tí ó ni òde. Ẹ̀yìn ìlú ni a sábà máa ń kọ́ ojúbọ rẹ̀ sí. Ìtàn kan wà tí A. B. Ellis kọ sílẹ̀ ní 1894: arọ ni òrìṣà yìí, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn. Ní ọjọ́ tí àwọn òrìṣà ń jó ní ààfin Ọbàtálá, òun náà fẹ́ jó, ó kọsẹ̀, ó ṣubú, gbogbo wọn sì fi í rẹ́rìn-ín. Inú bí i, ó fẹ́ fi àrùn rẹ̀ bá wọn jà. Ọbàtálá mú ọ̀kọ̀, ó lé e jáde. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé inú aginjù.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọ Lùkùmí kan tí ó mọ ìtàn yìí, tí ó wá dúró níwájú ère arúgbó elégbò tí ó fi ọ̀pá tilẹ̀, tí a sì sọ fún un pé ẹ̀yìn odi ni ilé rẹ̀ wà. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í pé ta ni ó rí. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òye tí ó ti ilé gbé wá ni ó fi ka ohun tí ó bá lóde.

Bàyìí ni Ọbalúayé ṣe di Babalú Ayé lẹ́nu àwọn ará Kúbà. Èdè Sípéènì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà ohùn orúkọ náà sọnù; bóyá “ọba” sì ni ó wà níwájú tàbí “bàbá”, orúkọ náà gba méjèèjì lẹ́nu wọn. Òrìṣà náà gba ohun tuntun pẹ̀lú. Nílé, ajá jẹ́ ohun tí a fi ń bọ Ògún. Ní Kúbà, ajá di alábàárìn Babalú Ayé, ó sì jọ pé láti inú òwe Lúùkù ni ó ti wá. Nílé, àrùn ṣànpọ̀nná ni a mọ̀ mọ́ ọn jù. Ní Kúbà, ẹ̀tẹ̀ àti gbogbo àrùn awọ ara di tirẹ̀. Àwọn Lùkùmí tilẹ̀ ń pìtàn pé a lé e kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá, pé ọ̀dọ̀ àwọn Arará ni ó ti gba adé. Ní Salvador, ní Bràsíìlì, àwọn olùsìn Obaluaiê ń lọ sí ilé ìjọsìn São Lázaro ní ọjọ́ Ajé, a sì ń da gúgúrú sí wọn lára láti fi wẹ àìsàn dànù.

Ṣé Aṣọ Ìbòjú Lásán Ni?

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ jùlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀tàn ni: pé àwọn ẹrú fi ère ẹni mímọ́ bo òrìṣà mọ́lẹ̀ kí olówó wọn má baà mọ̀. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Dandan ni ìrìbọmi fún ẹrú ní ilẹ̀ Sípéènì. Àwọn ẹgbẹ́ tí a ń pè ní “cabildo”, níbi tí àwọn ọmọ ìlú kan náà ti ń sin òkú ara wọn, tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n sì ń dáwó láti ra ẹni padà lóko ẹrú, abẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ ni wọ́n wà. Fernando Ortiz kọ̀wé lórí wọn ní 1921. Ibi tí òfin bá ti le, ènìyàn a máa kọ́ ọgbọ́n.

Síbẹ̀, ìdáhùn yẹn kò tó. Bí ó bá jẹ́ ìbòjú nìkan ni a ń wá, ẹni mímọ́ èyíkéyìí ni ìbá ṣe é. Kí ló dé tí kì í fi í ṣe Pétérù ni a fún Ọbalúayé? Ẹ̀wẹ̀, ìbòjú ni ohun tí a ń jù nù bí ìbẹ̀rù bá tán. Oko ẹrú parí ní Kúbà ní 1886, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò jù Lásárù nù. Ohun tí àwọn Lùkùmí ṣe ni ohun tí àwọn adẹ́tẹ̀ Yúróòpù ti ṣe ní ẹgbẹ̀ta ọdún ṣáájú wọn: wọ́n rí àwọn tí ìyà wọn jọra, wọ́n sì mú wọn jókòó pọ̀. Yúróòpù so Lásárù méjì pọ̀. Àwọn Lùkùmí mú ẹnì kẹta wá. Bí a bá pe ti àkọ́kọ́ ní ìfọkànsìn, tí a wá pe ti èkejì ní ẹ̀tàn tàbí àìmọ̀kan, ojúsàájú ni.

Èyí kò sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Àwọn olùsìn òrìṣà mọ̀ ọ́n. Orin Ọbalúayé kò jọ orin máàsì, oúnjẹ rẹ̀ kò sì jọ ti pẹpẹ. Ìjọ Àgùdà pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ọ̀rẹ́ Jésù kì í ṣe òrìṣà. Ní 1981, wọ́n ṣe àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ẹ̀sìn òrìṣà ní Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì wáyé ní Salvador ní 1983, Mãe Stella ti Ilê Axé Opô Afonjá àti àwọn ìyálórìṣà mìíràn níbẹ̀ kọ ìwé síta pé kí a yé da òrìṣà pọ̀ mọ́ ẹni mímọ́, pé ìgbà oko ẹrú ti lọ. Ọ̀rọ̀ wọn lágbára, ó sì tọ́ kí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó so wọ́n pọ̀, kí ó má baà rò pé òmùgọ̀ ni ẹni tí ó so ó.

Rincón

Ní 1917, ìjọba Kúbà kó ilé adẹ́tẹ̀ náà kúrò ní Havana tí ó ti fẹ̀ kọjá odi rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Rincón, ìletò kan ní gúúsù olú ìlú. Ilé ìjọsìn Lásárù Mímọ́ wà nínú ọgbà kan náà. Àwọn sístà tí ń tọ́jú àwọn aláìsàn níbẹ̀ wá láti inú ẹgbẹ́ tí Vincent de Paul àti Louise de Marillac dá sílẹ̀; láti Paris dé Rincón, ọ̀dọ̀ Lásárù náà ni wọ́n wà. Ìjọba gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ìjọ lẹ́yìn ìdìtẹ̀ 1959, ṣùgbọ́n àwọn sístà yìí kò fi àwọn adẹ́tẹ̀ sílẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ẹgbàágbèje ènìyàn ń wọ́ lọ sí Rincón. Wọ́n a wọ aṣọ elésè àlùkò tàbí aṣọ àpò; àwọn mìíràn ń fi orúnkún rìn, àwọn mìíràn ń wọ́ òkúta tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Lásárù ni ìjọ gbà. Lásárù ọlọ́pàá àti ajá ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò gbé lọ́wọ́. Babalú Ayé sì ni ọ̀pọ̀ ń kí nínú ọkàn. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì wá síbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1998 láti bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn olórí Kúbà àti Amẹ́ríkà kéde ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2014 pé àwọn yóò tún bá ara wọn ṣe, àwọn ará Kúbà púpọ̀ kò nílò kí ẹnì kan sọ fún wọn ọjọ́ ta ni ọjọ́ náà jẹ́.

Àwọn àìsàn tí ó fún Lásárù àti Olóde lórúkọ ti ń lọ. Láti àwọn ọdún 1940 ni oògùn ẹ̀tẹ̀ ti jáde. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn ṣànpọ̀nná ti kúrò láyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ń lé aláìsàn sí òde kò bá wọn lọ. Ní 1986, ìjọba Kúbà ṣí ọgbà kan sí Santiago de las Vegas, ìlú tí Rincón wà ní àgbègbè rẹ̀ gan-an, fún àwọn tí ó ní kòkòrò àrùn Éèdì. Títí di 1993, dandan ni kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Èdè Yorùbá náà kò mọ́ nínú ẹ̀sùn yìí. Òwe wa ní adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá kọ́ òwe yìí láìbéèrè ohun tí ó ṣe ọwọ́ adẹ́tẹ̀, apá kan òwe náà ni ó kọ́.

Ní oṣù Kìíní 2021, Póòpù Fransísì fi orúkọ Lásárù sínú kàlẹ́ńdà ìjọ gbogbo ayé, pẹ̀lú Màtá àti Màríà, ní ọjọ́ 29 oṣù Keje. Lásárù ará Bẹ́tánì ni. Alágbe inú òwe kò sí níbẹ̀. Ìwé tún ti ya wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ó ti yẹ kí ìwé ṣe. Ní Rincón, àwọn sístà ṣì ń di egbò. Bí oṣù Kejìlá bá sì dé, àwọn ènìyàn yóò tún máa wọ́ òkúta wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà yẹn.